Okùn Bàtà: Kókó Tí Ọ̀pọ̀ Wa Ń Ta Sódì

Kí n tó sọ ohunkóhun lónìí, ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ yín. Mo mọ̀ pé àwọn kan wọ sílípáàsì, ẹ má bínú, ọjọ́ tiyín ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wọ bàtà olókùn, yálà sníkà ni o, tàbí káńfáàsì, tàbí bàtà ọ́fíìsì, ẹ wo ibi tí ẹ ti so ó. Ẹ wo ojóbó méjèèjì tó yọ jáde bí etí ehoro. Ṣé wọ́n dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì? Àbí ńṣe ni ọ̀kan dojú kọ ọmọ ìka ẹsẹ̀, tí ìkejì sì ń wo yín lójú?

Bó bá dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ káre. Bó bá wà lóòró, kókó wíwọ́ lẹ ta, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ ti ń ta á bẹ́ẹ̀. Kókó yẹn ló ń tú mọ́ yín lẹ́sẹ̀ lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Ọ̀jọ́ta. Òun ló ń mú kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà BRT nígbà tí èrò ń ti yín lẹ́yìn. Ẹ ti dá okùn lẹ́bi, ẹ ti dá ẹni tó ta bàtà lẹ́bi, ẹ tiẹ̀ ti ra okùn mìíràn. Okùn ò ṣẹ̀ yín.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí, ìtàn ohun kan tó yà mí lẹ́nu ni. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún tí ọmọ èèyàn ti ń fi okùn há bàtà. Kókó tó dáa jù fún un, ó ti tó ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí àwọn kan ti mọ̀ ọ́n, tí wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Síbẹ̀, kò tíì pé ọdún mẹ́wàá sígbà tí mo bí ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ní àdúgbò wa bó ṣe ń so bàtà rẹ̀, kókó wíwọ́ ló ta sí mi lójú, bàbá rẹ̀ sì ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Báwo ni ìmọ̀ ṣe máa wà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó nílò rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilẹ̀ Armenia. Ihò àpáta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Areni-1. Ní ọdún 2008, àwọn awalẹ̀pìtàn ń wa ilẹ̀ ibẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Diana Zardaryan sì kan bàtà kan nínú kòtò. Ẹyọ kan péré ni, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìgbẹ́ àgùntàn tó ti gbẹ ló bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀, inú ihò náà sì gbẹ táútáú, ìyẹn ni bàtà náà kò fi jẹrà. Ó ṣì dára débi pé àwọn tó wà á jáde kọ́kọ́ rò pé kò lè ju ọdún 600 tàbí 700 lọ. Wọ́n gé díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò ní Oxford àti ní California. Èsì jáde: nǹkan bí ọdún 5,500. Bàtà yẹn ti wà nílẹ̀ fún bí ẹgbẹ̀rún ọdún kí àwọn ará Íjíbítì tó kọ́ pírámíìdì ńlá Giza.

Báwo ló ṣe rí? Awọ màlúù kan ṣoṣo ni wọ́n ká mọ́ ẹsẹ̀. Wọ́n dá ihò sí i níwájú àti lẹ́yìn gìgísẹ̀, wọ́n wá fi okùn awọ há a títí tó fi bá ẹsẹ̀ mu. Lóde òní, nọ́ńbà 37 la máa pè é, nítorí náà ó lè jẹ́ ti obìnrin, ó sì lè jẹ́ ti ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré. Wọ́n ki koríko sínú rẹ̀, bóyá kí ẹsẹ̀ lè móoru, bóyá kí bàtà má bàa wó. Okùn náà ṣì wà nínú ihò rẹ̀. Mo ti wo àwòrán rẹ̀ lórí fóònù mi ju ìgbà ogún lọ. Ẹ wá àwòrán rẹ̀ wò fúnra yín, ẹ máa rí i pé bí ẹnì kan bá gbé e síwájú aránbàtà ní Muṣin, kò ní bi í pé kí lèyí. Awọ, ihò, okùn. Ní àwọn erékùṣù Aran ní Ireland, àwọn èèyàn ṣì ń wọ irú bàtà bẹ́ẹ̀ títí di nǹkan bí ọdún 1950.

Ọkùnrin tí yìnyín gbé mì lórí òkè Alps, ẹni tí wọ́n sọ ní Ötzi, ó kéré sí bàtà yẹn díẹ̀ lọ́jọ́ orí. Ọdún 1991 ni wọ́n rí òkú rẹ̀ ní ààlà Austria àti Italy, ó sì ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 5,300. Awọ béárì ni àtẹ́lẹ̀ bàtà rẹ̀, wọ́n sì fi èèpo igi hun bí àwọ̀n sínú rẹ̀ láti di koríko mú yí ẹsẹ̀ ká. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ìlú Zlín, ní orílẹ̀-èdè Czech, Petr Hlaváček, ṣe irú rẹ̀ gan-an, wọ́n sì wọ̀ ọ́ gun òkè láti dán an wò. Zlín yìí náà ni ilé-iṣẹ́ Bata ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1894. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ béèrè: rárá, ọ̀rọ̀ wa "bàtà" kò wá láti ọ̀dọ̀ wọn. Kí ilé-iṣẹ́ yẹn tó dé ayé ni Bíbélì Yorùbá ti ń sọ nípa okùn bàtà, níbi tí Jòhánù Onítẹ̀bọmi ti ní òun kò yẹ lẹ́ni tó ń tú u. Wọ́n kàn jọra ni.

Ó dáa, okùn ti wà. Kókó ńkọ́?

Àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù ìgbàanì ní kókó kan tí wọ́n fi sọrí Hercules, akọni inú ìtàn wọn. Ìyàwó tuntun ní Róòmù á fi kókó náà so ìgbànú mọ́ ìdí, ọkọ rẹ̀ ló sì máa tú u lálẹ́ ìgbéyàwó. Pliny, òǹkọ̀wé tó kú ní ọdún 79 nígbà tí òkè Vesuvius bú gbàmù, kọ ọ́ pé ọgbẹ́ tí wọ́n bá fi kókó yìí dì máa ń tètè jinná. Àwọn oníṣègùn náà fẹ́ràn rẹ̀: Heraklas, oníṣègùn ará Gíríìsì, ṣàlàyé oríṣi kókó àti ojóbó tí wọ́n fi ń di egungun tó kán, Oribasius sì dà á kọ sínú ìwé tirẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 300 lẹ́yìn náà. Kókó Hercules wà nínú wọn.

Bí wọ́n ṣe ń ta á rèé. Ẹ gbé okùn ọwọ́ òsì gun ti ọ̀tún, ẹ yí i. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ti ọ̀tún gun ti òsì, ẹ yí i. Èkejì gbọ́dọ̀ lòdì sí èkíní. Ó tán. Kókó títọ́ nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá gbé òsì gun ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì, kókó wíwọ́ lẹ ta. Kókó bàtà wa kò yàtọ̀ sí i, àfi pé nígbà ẹlẹ́ẹ̀kejì, dípò ká ta okùn lásán, ojóbó méjì la fi ń ta á kó lè rọrùn láti fà tú.

Àwọn atukọ̀ ojú omi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà mọ ìyàtọ̀ yìí dunjú, kókó títọ́ ni wọ́n fi ń ká aṣọ ìgbòkun wọn nígbà tí ìjì bá ń bọ̀. Kókó wíwọ́, wọ́n fi orúkọ ìyá àgbà pè é. Ẹ̀gàn nìyẹn o, mi ò fara mọ́ ọn. Ìyá ìyá mi a máa di ìtì igi láti oko dé ilé, n kò rí ọjọ́ tó tú lórí rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ fi ìkìlọ̀ kan sí i, nítorí àwọn tó ń fi okùn di ẹrù mọ́ ọ̀kadà. Kókó títọ́ dára fún ohun tí a so yí nǹkan ká, bí bàtà, bí báńdéèjì. Kò dára fún síso okùn méjì pọ̀ láti fi gbé ẹrù. Clifford Ashley, ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé ńlá kan nípa kókó ní ọdún 1944, sọ pé bí wọ́n ṣe ń fi kókó yìí so okùn méjì pọ̀ ti pa èèyàn ju kókó mẹ́fà mìíràn yòówù lápapọ̀ lọ. Bàtà nìkan la ń sọ lónìí.

Ibi tí ìtàn náà ti wá dùn mọ́ mi jù lọ rèé, ìgbà tí okùn bàtà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá ní Yúróòpù. Samuel Pepys, ọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń kọ ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀ sínú ìwé, kọ ọ́ ní ọjọ́ 22 oṣù January, ọdún 1660, pé òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin ìdè sí bàtà òun. Irin ìdè yẹn, ẹ rò ó bí irin orí bẹ́líìtì, àmọ́ tó kéré, tó sì ń dán. Kó tó pẹ́, ó di pé èèyàn tó bá jẹ́ èèyàn kò gbọ́dọ̀ wọ bàtà olókùn. Olówó ń wọ ti fàdákà, ọlọ́lá ń wọ tòun ti òkúta iyebíye, tálákà ń wọ ti idẹ. Bó ṣe rí nìyẹn fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ìlú Birmingham àti àwọn ìlú tó yí i ká, Wolverhampton àti Walsall, ni wọ́n ti ń rọ irin náà. Odindi ìlú ń jẹun lórí rẹ̀. Àfi bí àwọn ọ̀dọ́ aláfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í padà sídìí okùn ní nǹkan bí ọdún 1786 sí 1790. Ní ọdún 1791, àwọn alágbẹ̀dẹ irin ìdè kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ọmọba Wales, ẹni tó padà di Ọba George Kẹrin. Wọ́n ní ó lé ní 20,000 èèyàn tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn nítorí okùn bàtà. Ẹ rò ó wò ná: okùn tín-ín-rín! Ọmọba náà káàánú wọn, ó ní kí àwọn ìránṣẹ́ òun máa wọ irin ìdè. Kò ràn án. Àwọn ọ̀dọ́ ti sọ pé irin ti di ti ìgbà àwọn bàbá wọn, ta ló sì lè bá ọ̀dọ́ jà lórí àṣà ìwọṣọ? Wọ́n rò pé ọba lè dá àṣà dúró, bí ìgbà téèyàn ní kí àwọn ọmọ TikTok padà sí kásẹ́ẹ̀tì.

Ní Faransé, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, torí ìjọba ló wọ̀ ọ́. Rògbòdìyàn ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 1789, ẹni tó bá ń wọ irin ìdè fàdákà sì dà bí ẹni tó wà lẹ́yìn àwọn ọ̀tọ̀kùlú. Ní oṣù March ọdún 1792, wọ́n yan Jean-Marie Roland sí ipò mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Ó lọ kí Ọba Louis Kẹrìndínlógún láàfin pẹ̀lú bàtà olókùn. Ẹni tó ń bójú tó ètò ààfin wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹnu yà á. Ó sáré tọ Dumouriez, mínísítà kejì, pé ṣé ó rí i pé bàtà ọkùnrin yìí kò ní irin ìdè. Dumouriez fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, háà, ayé ti bàjẹ́ nìyẹn. Kí oṣù August ọdún yẹn tó tán, ọba ti bọ́ sẹ́wọ̀n. Mi ò sọ pé okùn bàtà ló gba ìjọba o! Àmọ́ ẹni tó ń bójú tó ètò ààfin yẹn, lójú mi, kò ya òmùgọ̀ rárá. Ó rí àmì.

Nítorí náà okùn padà wá gẹ́gẹ́ bí ohun pọ́ọ́kú. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìmọ̀ ti já. Fún ìran mẹ́rin tàbí márùn-ún, bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ bí a ṣe ń so bàtà, torí irin ló wà ńbẹ̀. Nígbà tí okùn dé padà, oníkálukú kàn ta á bó ṣe rí i. Àwọn oníṣègùn àti atukọ̀ tó mọ kókó títọ́ wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn, kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Sálúbàtà àwọn bàbá wa, ẹsẹ̀ la ń tì bọ̀ ọ́, kò lókùn. Àmọ́ kì í ṣe pé a ò mọ okùn so. Ẹ wo okùn ìjàrá ṣòkòtò, ẹ wo ọ̀já tí ìyá fi gbé ọmọ pọ̀n, ẹ wo òfì. Bàtà olókùn bá ilé-ìwé, iṣẹ́ sójà àti bọ́ọ̀lù wọlé, kò sì tètè gbilẹ̀. Ní ọdún 1949, nígbà tí ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n kàn fi báńdéèjì wé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n sì na ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Marine ní Crosby ní 5-2 bẹ́ẹ̀. Teslim Balogun, "Thunder", ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré Sùúrùlérè, wà lára wọn. Ní ọdún 1955, ó padà lọ síbẹ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù fún Peterborough United, ọ̀tẹ̀ yìí ó di dandan kó so okùn bàtà.

Bí a ṣe wá kọ́ ọ níkẹyìn ni wàhálà ibẹ̀. Olùkọ́ tàbí ìyá á bẹ̀rẹ̀ síwájú ọmọ, á so ó fún un. Ọmọ ń wò ó láti òdìkejì. Ọ̀tún ìyá ni òsì ọmọ. Ọmọ á wá gbé apá kan láti ojú ìyá, á gbé apá kejì láti inú orí ara rẹ̀, kókó wíwọ́ dé. Kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún un, torí kókó wíwọ́ náà ń dì, ó kàn jẹ́ pé kì í pẹ́ ni.

Ohun tó sì ń tìdí rẹ̀ yọ kì í ṣe àwàdà. Ní àgọ́ àwọn agùnbánirọ̀ tí mo wà, ọmọbìnrin kan wà níwájú mi lọ́jọ́ tí a rin ìrìn jíjìn nínú bàtà sójà. Okùn rẹ̀ tú, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òun sì ti gbé ẹsẹ̀. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. POP ló fi lo ọ̀sẹ̀ tó kù ní àgọ́, abẹ́ igi máńgòrò ló jókòó sí nígbà tí a ń yan bọ́ọ̀lì lálẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn. Mo rántí pé ó ti so bàtà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó ń fà á pinpin. Agbára kọ́ ló kù.

Kí ló ń tú u gan-an? Ní oṣù April ọdún 2017, àwọn mẹ́ta ní Yunifásítì California ní Berkeley, Christopher Daily-Diamond, Christine Gregg àti Oliver O'Reilly, tẹ ìwádìí wọn jáde lórí ìbéèrè yìí. Gregg sáré lórí ẹ̀rọ, wọ́n sì fi kámẹ́rà tó ń ya àwòrán lọ́nà tó yára gan-an ya bàtà rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí rèé: nígbà tí ẹsẹ̀ bá gbá ilẹ̀, agbára tó ń dé bá kókó náà tó ìlọ́po méje agbára òòfà ilẹ̀. Kókó á nà, á tún sún kì, díẹ̀díẹ̀ á dẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí ẹsẹ̀ ṣe ń fì síwájú, ìdí okùn tó gbálẹ̀ á máa fì bí ẹgba, á máa fa kókó tó ti dẹ̀ náà jáde. Fún ìgbà pípẹ́, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, kò ní ju ìṣísẹ̀ bíi méjì lọ, ó tú.

Gregg jókòó sórí tábìlì, ó ń fì ẹsẹ̀: kò tú. Ó dúró lójú kan, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀: kò tú. Àfi kí méjèèjì pàdé, ìyẹn rírìn. Nígbà tí wọ́n so ẹrù kékeré mọ́ ìdí okùn, ó tètè tú sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ́ kí okùn sníkà wọ́lẹ̀ nítorí oge, ẹ gbọ́ o. Kókó títọ́ àti kókó wíwọ́, méjèèjì lè tú, àmọ́ títọ́ pẹ́ jìnnà ju wíwọ́ lọ.

Nítorí náà, bí ẹ ṣe máa tún un ṣe nìyí, kò sì gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ má fọwọ́ kan apá kejì, ìyẹn ibi tí ẹ ti ń ṣe ojóbó, torí ọwọ́ yín ti mọ́ ọn láti kékeré. Àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ yí padà. Bó bá jẹ́ òsì lẹ máa ń gbé gun ọ̀tún kẹ́ ẹ tó fà á pinpin, ẹ gbé ọ̀tún gun òsì. Ẹ wá ṣe ojóbó yín bí ẹ ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹ wò ó: ó ti dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọwọ́ yín á máa kọ̀. Terry Moore, ará Amẹ́ríkà, fi ìṣẹ́jú mẹ́ta péré sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí pèpéle TED ní ọdún 2005, ó sì ní ẹni tó ta bàtà fún òun ló kọ́ òun, nígbà tí òun ti dàgbà.

Bẹ́ ẹ bá ní okùn náílọ́ọ̀nù róbótó tó ń yọ̀, ẹ yí i lẹ́ẹ̀mejì nígbà àkọ́kọ́ dípò ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn oníṣẹ́ abẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí okùn ìránṣọ ara. Ó dára fún bàtà sójà, torí á di apá ìsàlẹ̀ mú nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń há ti òkè.

Ọ̀rọ̀ híhá bàtà, ìyẹn bí okùn ṣe ń gba inú ihò, ẹ jẹ́ kí n kàn sáré gbà á kọjá. Burkard Polster, onímọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Monash ní Melbourne, gbé e kalẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature ní oṣù December ọdún 2002. Bàtà tó ní ihò mẹ́fà lápá kọ̀ọ̀kan, ó ka ọ̀nà 43,200 tí okùn lè gbà. Lẹ́yìn gbogbo ìṣirò, ọ̀nà méjì ló ń fa bàtà pọ̀ dáadáa jù: alágbèélébùú tí gbogbo wa ń ṣe, àti èyí tó ń lọ gbọọrọ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Èwo ló máa borí èkejì dá lórí bí ihò ṣe jìnnà síra. Ìyẹn ni pé níbi híhá, àwa ará ìgboro ti mọ ohun tó dáa kí onímọ̀ ìṣirò tó dé. Níbi kókó nìkan la ti kùnà.

Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń sáré, ihò kan wà lókè pátápátá bàtà yín, nítòsí ọrùn ẹsẹ̀, tí ẹ ò lò rí. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ ki okùn bọ̀ ọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan náà kó di òrùka kékeré, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ wá ki okùn ọ̀tún sínú òrùka òsì, kí ẹ ki ti òsì sínú òrùka ọ̀tún. Ẹ fà á, ẹ so ó. Gìgísẹ̀ yín kò ní máa gbéra mọ́, ọmọ ìka ẹsẹ̀ kò sì ní máa kọ lu iwájú bàtà débi tí èékánná á fi dúdú. Ẹni tí òkè ẹsẹ̀ rẹ̀ ga, tí okùn ń dùn ún, kó má ṣe àgbélébùú níbi tó ń dùn ún yẹn. Kó jẹ́ kí okùn gun ẹ̀gbẹ́ lọ sí ihò tó tẹ̀ lé e.

Ẹnì kan máa sọ pé Usain Bolt ńkọ́? Òótọ́ ni. Ní Beijing, ní oṣù August ọdún 2008, ó sá ìdíje 100 mítà ìkẹyìn ní ìṣẹ́jú-àáyá 9.69 pẹ̀lú okùn bàtà kan tó tú. Ẹ ò kì í ṣe Usain Bolt. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kò sì tó Ọ̀jọ́ta sí Kétu.

Ìbéèrè kan kù tí àwọn ará Berkeley kò dáhùn: kí ló dé tí kókó títọ́ fi lágbára ju wíwọ́ lọ, nígbà tó jẹ́ pé okùn kan náà ni, iye ibi tí okùn ti gun ara wọn sì dọ́gba? Ìdáhùn dé ní oṣù January ọdún 2020, láti MIT ní Amẹ́ríkà. Mathias Kolle ti ṣe okùn kan tó máa ń yí àwọ̀ padà níbi tí wọ́n bá ti fà á tàbí tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi í ta kókó, wọ́n sì ń wo àwọ̀ bó ṣe ń yí padà. Vishal Patil àti Jörn Dunkel wá ṣe ìṣirò rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fa kókó, okùn á fẹ́ yí lórí ara rẹ̀, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń fún aṣọ. Nínú kókó títọ́, ìyí kan lòdì sí ìkejì, wọ́n á há ara wọn mọ́. Nínú kókó wíwọ́, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń yí sí, wọ́n á máa yí gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá, títí wọ́n á fi yọ́ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀, kó má jókòó síwájú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kó jókòó sí, kí ẹ jọ wo apá kan náà, kí ọ̀tún yín lè jẹ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wọ sílípáàsì, mi ò gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìtàn Dunlop àti ti rọ́bà tí wọ́n fi ṣe é la máa sọ. Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ó dàbọ̀ ná.